Bàtà Tó Dákẹ́ fún Ọjọ́ Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí bàtà Bàbá kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, inú Tọ́ládé sì ń dùn. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé wọn ní àdúgbò Plateau, ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́, ó gbé fóònù lé orí itan, ó ń wò ó bí ẹni tó ń ṣọ́ omi lórí iná. Ojú fóònù funfun nini, kò sí àmì pupa kankan níbẹ̀. Bí àmì pupa bá yọ, a jẹ́ pé nǹkan ń gún Bàbá lẹ́sẹ̀ lóko, Bàbá kò sì mọ̀.

Ọ̀ràn ẹsẹ̀ náà nìyí. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí àìsàn ṣúgà ti wọ ara Barthélemy, bàbá Tọ́ládé. Àìsàn náà kò pa á, ṣùgbọ́n ó ti jẹ gbogbo ìmọ̀lára ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ náà ń rìn, ó ń gbé e dé oko, ó ń gbé e délé, àmọ́ bí o bá fi ẹ̀ṣẹ́ná kàn án, Bàbá yóò kàn máa bá ọ tàkúrọ̀sọ lọ ni. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìṣó kan wọ abẹ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi rìn lórí ìṣó. Òórùn ló tú àṣírí náà fún ìyá Tọ́ládé. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ìka méjì ti lọ. Falilatou, obìnrin tí ń wẹ egbò níbẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ojú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́.

"Bàbá, bí egbò mìíràn bá tún jẹrà lẹ́sẹ̀ yìí, a ò ní gé ìka mọ́ o. Láti orúnkún ni."

Bàbá kò níṣẹ́ mìíràn láyé ju oko kajú rẹ̀ lọ́nà Okpara lọ. Ta ló ti rí àgbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣa kajú?

Láti ọjọ́ náà ni Tọ́ládé, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì lápá Kútọnù, ti gbé ìwé nípa awọ ara ènìyàn tí kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó kà á pé awọ kì í ṣe aṣọ lásán tí a fi bo ẹran. Ìpele ìpele ni. Ìpele òkè kò kàn sùn lé ti ìsàlẹ̀ bí ẹní; wọ́n kira bọnú ara wọn bí ìka ọwọ́ méjì tó há mọ́ra, ìdí sì nìyẹn tí hóró iyanrìn kan fi lè tì wọ́n kí gbogbo ara mọ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ońṣẹ́ wà. Àwọn kan ń pariwo nígbà tí nǹkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn wọ́n, wọn a sì panu mọ́. Àwọn kan kì í dákẹ́ rárá: níwọ̀n ìgbà tí ẹrù bá wà lórí wọn, wọn a máa wí pé ó wà, ó ṣì wà.

Òun náà bá ṣe awọ tirẹ̀. Ó da rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, ó po èédú kíkúná mọ́ ọn kí iná mànàmáná lè gbà á kọjá, ó yọ kókó wínníwínní sójú wọn, ó sì kọjú wọn síra kí kókó há mọ́ kókó. Bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, àwọn kókó a fún mọ́ra, iná a sì gba ibẹ̀ kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú méjìlá ni ó ṣe sí ìtẹ́lẹ̀ bàtà náà, láti gìgísẹ̀ títí dé ibi tí ìka méjì wà tẹ́lẹ̀.

Bátìrì ni kò tó. Bí àwọn ońṣẹ́ tí kì í dákẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bátìrì a ti kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Tọ́ládé bá yọ wọ́n kúrò, ó fi àwọn aláriwo nìkan sílẹ̀, ó sì ṣe wọ́n kí wọ́n má ka ìṣísẹ̀ lásán sí, àfi ohun tó bá gún ojú kan ṣoṣo. "Kí ni mo fẹ́ fi ó wà, ó ṣì wà ṣe?" ló wí fún ara rẹ̀. "Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ pariwo. Bí kò bá bàjẹ́, ẹ jẹ́ n simi." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o, nítorí ọmọ tó gbọ́n ló sọ ọ́.

Ọjọ́ tó gbé bàtà náà wálé fún Bàbá nígbà ìsinmi, ọwọ́ méjèèjì ni Bàbá fi gbà á. Bàtà aláwọ dáadáa ni, tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó gbé e yí gbogbo àdúgbò ká, ó ní ọmọ òun ló ṣe é, pé ó ní ọpọlọ nínú. Ẹ sì jẹ́ n sọ èyí náà: Barthélemy yìí ni bàtà ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ àpótí, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ó sì ń dán. Tọ́ládé fún un ní fóònù kékeré kan pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí bàtà yóò máa gbà ránṣẹ́ sí òun.

"Ẹ má fọwọ́ kan pọtábù yìí o, Bàbá. Iṣẹ́ bàtà nìkan ló wà fún. Tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ ó ba iṣẹ́ jẹ́."

Bàbá ní òun gbọ́. Ó gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Báyìí ni ọjọ́ kẹsàn-án ṣe pé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ti lù nígbà tí Agnès, ìyá Tọ́ládé, gbé ọpọ́n aṣọ jáde síta, tó jókòó lórí àpótí, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya aṣọ funfun sọ́tọ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú ẹ á fọ́ sára pọtábù yẹn."

"Màmá, ẹ jẹ́ n wò ó. Ọjọ́ mẹ́sàn-án láìsí àmì kan! Ọ̀gá mi ní yunifásítì ní kí n fi èsì ránṣẹ́ lọ́la."

"Tó bá ti dákẹ́, ó dára nìyẹn?"

"Tó bá dákẹ́, àlàáfíà ni."

Agnès gbọn ṣòkòtò oko kan jáde. "O ò tíì bímọ, o ò lè mọ̀. Ọmọdé tó bá dákẹ́ jù nínú yàrá, ṣe ni kí o sáré lọ wò ó."

Tọ́ládé rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ na ṣòkòtò náà sókè, ó ń bú u. Eruku dé orúnkún rẹ̀, omi kajú sì ti ta sí i, àbàwọ́n dúdú tí ọṣẹ ayé kò ràn. Ó jù ú sómi, ó tún fa ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta yọ lábẹ́ rẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn.

"Ṣé kí n wulẹ̀ fọ ìwọ̀nyí? Mi ò rí ìdọ̀tí kankan lára wọn."

Tọ́ládé na ọwọ́ gbà wọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ rà fún Bàbá ni. Ó gbé ọ̀kan sí imú. Ìbọ̀sẹ̀ ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sán ṣa kajú nínú ooru oṣù kẹta, ọṣẹ ni ó ń rùn. Ó wo ìbọ̀sẹ̀, ó wo ṣòkòtò tó wà nínú omi, ó tún wo ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan wà tí fóònù rẹ̀ lè ṣe tí kò tíì ṣe rí láti ọjọ́ kìíní, torí pé ó ń jẹ bátìrì. Ó lè bi bàtà léèrè iye ẹrù tó wà lórí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn tilẹ̀ jókòó, bí ó tilẹ̀ na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Tọ́ládé béèrè. Ìdáhùn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: òfo, òfo, òfo, títí ó fi pé méjìlá.

Ó dìde.

"Màmá, Bàbá kò wọ bàtà."

"Ó wọ̀ ọ́ kúrò nílé láàárọ̀. Ojú mi ló ṣe."

"Ó ti bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ṣiṣẹ́. Bóyá láti ọjọ́ kìíní ni."

Agnès kò pariwo. Ó jẹ́ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi, ó ní, "Barthélemy! Àti bàtà tuntun! Ó yẹ kí n ti mọ̀." Ó ti ń sunkún kó tó sọ ọ́ tán.

Tọ́ládé pe fóònù kékeré náà. Ó dún títí ó fi já. Ó tún un pè, ó tún dún já. Issa, ọmọ ilé kejì tó ń fi ọ̀kadà ṣe sẹ́mì, tó ń fi gbé èrò kiri, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. Tọ́ládé kò kí i, kò bá a dúnàádúrà, ó kàn gun ẹ̀yìn rẹ̀.

"Oko Bàbá mi, lọ́nà Okpara. Jọ̀ọ́, sáré!"

Wọ́n jáde nínú ìlú, wọ́n fi àwọn òkè olókùúta Ṣábẹ̀ẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n yà sí ọ̀nà erùpẹ̀, Tọ́ládé bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò fẹ́ rí. Wọ́n ti sun igbó. Lápá ọ̀tún, lápá òsì, kùkùté igi wẹ́wẹ́ ló yọrí nínú eérú, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn mú bí abẹ́rẹ́. Ilẹ̀ gbóná bí agbada. Ó ń rí ẹsẹ̀ Bàbá lórí gbogbo rẹ̀.

Ìgbà náà ni àmì pupa yọ.

Ojú keje ni, ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ fò sókè fún ayọ̀ lórí ọ̀kadà: Bàbá ti wọ bàtà padà! Ayọ̀ náà kò tó ìṣẹ́jú. Àmì náà parẹ́, ó tún yọ. Ó parẹ́, ó tún yọ, lójú kan náà, ní dọ́gbadọ́gba. Ìṣísẹ̀ Bàbá ni. Bàtà tó gbé e láti ilé dé oko láàárọ̀ láìpariwo, kí ló dé tó fi ń pariwo báyìí? Nǹkan náà kò sí nínú bàtà. Bàbá ló gbé e wọ inú bàtà. Inú ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà, gbogbo ìgbà tó bá sì tẹlẹ̀, ó ń tì í wọnú sí i.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ ẹni tó ní abẹ́rẹ́ lọ. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ní abẹ́rẹ́ ló ń sáré kiri, ẹlẹ́gùn-ún kò sì tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan gún òun.

Ó tún pe fóònù kékeré. Ó ń dún. "Bàbá, ẹ gbé e," ló ń wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e." Ó dún já. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ bá wá sí i létí: ẹ má fọwọ́ kan pọtábù yìí o, iṣẹ́ bàtà nìkan ló wà fún. Òun ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tí kì í ba nǹkan ọlọ́nǹkan jẹ́.

"Issa, tẹ̀ ẹ́!"

"Àǹtí, ọ̀nà yìí kì í ṣe gúdúrọ̀n o, erùpẹ̀ lásán ni! Tá a bá ṣubú, a ò ní débẹ̀ rárá."

Ogójì ìṣísẹ̀. Ọgọ́ta. Tọ́ládé ń kà wọ́n, kò sì mọ̀ pé òun ń kà wọ́n sókè. Nígbà tó di mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, rẹ́sọ̀ já, ìsopọ̀ kò sí mọ́, fóònù dákẹ́. Ojú rẹ̀ tún funfun nini bíi ti àárọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń dùn mọ́ ọn nínú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án di ohun tó fẹ́ pa á. Kò mọ̀ bóyá Bàbá dúró, bóyá ó ṣubú, tàbí bóyá ó ṣì ń rìn lọ lórí nǹkan náà.

Wọ́n yọ sí i lẹ́yìn afárá kékeré kan. Bàbá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó ru àpò kajú kan lérí, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Kò tiro. Ìyẹn gan-an ló ba Tọ́ládé lẹ́rù jù. Ẹsẹ̀ òsì ń balẹ̀ ṣinṣin bí ẹsẹ̀ ọmọ ogún ọdún.

"Bàbá, ẹ dúró!"

Ojú Bàbá mọ́lẹ̀. "Áà, Tọ́ládé! Ṣé bàtà ló rán ọ wá?" Ó sì gbé ẹsẹ̀ òsì láti wá pàdé rẹ̀.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀! Bàbá, mo bẹ yín, ẹ má fi tẹlẹ̀!"

Igbe náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá fi gbé ẹsẹ̀ náà dúró lókè, ó dúró lẹ́sẹ̀ kan pẹ̀lú àpò lórí, ojú rẹ̀ là rekete. Issa fò sọ̀kalẹ̀, ó gba àpò, ó sì dì í mú. Wọ́n gbé e jókòó sórí òkúta kan. Tọ́ládé tú okùn bàtà, ó rọra fà á kúrò. Kò sí ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìtẹ́lẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà, ní ojú keje gẹ́ẹ́. Ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀, orí kùkùté dúdú kan yọ síta, kò ju èékánná ọmọdé lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ya àwọn ìka tó kù láti wò wọ́n, ó rí èkejì. Omi èèpo kajú, tí í máa bó àwọn obìnrin tí ń pa á lọ́wọ́, ti jó Bàbá láàárín ìka, ibẹ̀ ti wú, ó sì ti ń rùn díẹ̀. Egbò náà kì í ṣe ti òní. Inú ọjọ́ mẹ́sàn-án àlàáfíà ló ti wà.

"Ó dùn yín ni?" Issa béèrè, kò mọ ohun tó tún lè sọ.

"Kí ló fẹ́ dùn mí?" ni Bàbá wí. Tọ́ládé gbé bàtà náà sójú rẹ̀.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ bọ́ ọ?"

"Èmi kò gbé e jùnù." Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Bí kajú bá ti bọ́ sílẹ̀, omi rẹ̀ ń ba awọ jẹ́. Oṣù mélòó lo fi ṣe nǹkan yìí? Mo wá máa fi tẹ eruku? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbé e sábẹ́ igi, mo gbé pọtábù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo wá fi ewé bò ó kí oòrùn má pa á. Pọtábù ń dún lónìí, ó ń dún, mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní kí iṣẹ́ rẹ má bàjẹ́."

Tọ́ládé fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà mú. Omijé ló rí. "Bàtà lẹ fi ewé bò, Bàbá," ló wí. "Ẹ wá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gún."

Wọ́n gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà, Issa níwájú, Tọ́ládé lẹ́yìn, ó na apá di ẹsẹ̀ náà mú kó má baà kan nǹkan kan. Falilatou kò bú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, èyí sì burú ju èébú lọ. Ó yọ kùkùté náà, ó wẹ ibẹ̀, ó gé ẹran tó ti kú láàárín ìka, ó fún Bàbá lábẹ́rẹ́. Tọ́ládé béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà yóò lọ.

"Èyí tó wà lábẹ́, ẹ tètè bá a. Wákàtí kan péré ni. Èyí tó wà láàárín ìka ni mi ò lè ṣèlérí fún yín. Ọjọ́ méje ni ká fi wò ó."

Ọjọ́ méje náà kò fẹ́ tán. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tú ọ̀já, láràárọ̀ ni Agnès ń fi imú gbọ́ ọ kó tó fi ojú wò ó, tí gbogbo wọn a sì máa wo imú rẹ̀. Ọ̀gá Tọ́ládé pè láti béèrè èsì ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó sọ òótọ́ fún un: kò sí èsì, bàtà òfo ni òun ti ń ṣọ́. Ní ọjọ́ keje, Falilatou gé ìka kẹta. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa ṣìṣe, ó wá ní orúnkún ti yè bọ́. Agnès jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn níbẹ̀.

"Ìka kan," ni Bàbá wí. "Mo ṣáà ṣì ní méjì níbẹ̀. Wọ́n ó máa bá ara wọn sọ̀rọ̀."

Oṣù méjì ni Tọ́ládé fi tún bàtà náà ṣe. Ó dá àwọn ońṣẹ́ tí kì í dákẹ́ padà, bátìrì sì wúwo sí i, Bàbá ráhùn nípa rẹ̀ kó tó dán an wò rárá. Ní báyìí, bí ẹsẹ̀ bá ti wà nínú rẹ̀, bàtà a máa wí bẹ́ẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àlàáfíà mọ́. Bí ó bá dákẹ́ fún ìdajì wákàtí, fóònù Tọ́ládé a ké, ti Agnès náà a ké, Bàbá sì gbọ́dọ̀ máa gbé pọtábù tó bá dún báyìí.

Ṣùgbọ́n kó tó gbé bàtà náà fún un, ó ṣe ohun kan tí ìwé kankan kò kọ́ ọ. Kajú ti tán lóko nígbà náà, àmọ́ òjò ti dé. Ó gbé bàtà náà síwájú Bàbá, bó ti ń dán, ó bu ẹrẹ̀ ní kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì fi rà á lára láti òkè délẹ̀. Bàbá ké bí ẹni tí wọ́n na ọmọ rẹ̀. Tọ́ládé fi òkúta ha awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó da òróró sí i lórí, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ó ti bàjẹ́ báyìí, Bàbá. Kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ máa fi pa mọ́. Ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ oko."

Bàbá mi orí, ó sì wọ̀ ọ́.

Tọ́ládé ti padà sí Kútọnù báyìí. Láràárọ̀, kí ó tó di aago méje, yóò gbé fóònù, yóò sì dúró dè é. Ẹsẹ̀ Bàbá a kọ́kọ́ wọ inú bàtà, ojú méjìlá a tàn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gìgísẹ̀ a lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbì, gbì. Bàbá ló dá ìyẹn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́ ọ: ó ní òun ń kí ọmọ òun. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọkùnrin náà ń lu ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Ní Kútọnù, ọmọ rẹ̀ ń mọ̀ ọ́n fún un. Yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," yóò sì bọ́ sọ́nà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.